Ẹ má bẹ̀rù, èmi ni

Ìjẹ̀bú-Òde, 31 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí Òkè-Ajé láàárọ̀, òjò sì ká mi mọ́ ọ̀nà. N kò rí nǹkan mìíràn kọ nípa ọjọ́ òní, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Àkànní, ọmọ ọmọ mi tí ó wà ní Áyálándì, sọ lórí fóònù ní alẹ́ yìí ti gba gbogbo ọkàn mi.

Wọ́n ń ṣe Halloween ní Áyálándì, ọmọbìnrin mi sì ra ìbòjú ìkookò fún un kí ó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri ojúlé gba súìtì. Bí ìkookò náà ṣe yọ sí mi lójú fóònù ni mo kígbe, ni ọmọ náà bá yára ṣí ìbòjú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Màmá Ìjẹ̀bú, èmi ni."

Èmi ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àwọn Alágẹmọ, àwọn olórò Ìjẹ̀bú tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí, bá ń wọ ìlú, inú yàrá ni àwa obìnrin ń wà, tí a ó ti fèrèsé pa, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ béèrè pé ta ni ó wà lábẹ́ aṣọ. Inú bí mi díẹ̀ pé irú ìbòjú tí ọmọ ọmọ mi mọ̀ ni èyí tí a ń ṣí láti fi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe, kí ó fi mí sílẹ̀ nínú ẹ̀rù? Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ni ọdún náà, nítorí láti inú Samhain àtijọ́ wọn ni ó ti wá, èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù sì ń wọlé, ní òru tí wọ́n gbà pé àwọn òkú ń rìn láàárín alààyè. A jẹ́ pé àwọn náà ti mọ ẹ̀rù yìí rí.

Ọmọbìnrin mi ní bí òun kò bá ra ìbòjú, Àkànní nìkan ni ì bá jókòó sílé ní gbogbo àdúgbò wọn. Èyí yé mi. Ta ni yóò fẹ́ kí regbẹ́regbẹ́ òun, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, dá aṣọ fún Ojúde Ọba, kí òun nìkan má rí i wọ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá? Ní ti Ojúde Ọba, a kì í fi ojú pamọ́ rárá. A ń múra kí gbogbo ayé lè mọ̀ wá ni. Bóyá ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ó ní èmi ni…

Rárá, kì í ṣe ìyẹn ni ó ń dùn mí. Kí ó tó ṣí ìbòjú náà, ó ti kọ́kọ́ kí mi, n kò sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n wà nílé, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ti tó fún mi láti mọ̀ pé òun ni.

Mo ti ní kí ìyá rẹ̀ fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè fún télọ̀ ní aṣọ òkè de Iléyá tí ń bọ̀. Ó ní àwọn yóò wò ó, pé owó ọkọ̀ òfúrufú ti lọ sókè púpọ̀. N óò tún pè é ní ọ̀la.