Ìrẹsì MoMA àti móínmóín tèmi

Nínú òtútù oṣù kìíní ọdún 2012, ọ̀rẹ́ mi kan fà mí lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York. Mo ti múra sílẹ̀ de àwòrán ara ògiri àti ẹsẹ̀ ríro. Àṣé ìrẹsì ló ń dúró dè mí. Wọ́n ń bu ìrẹsì àti kọ́rì ẹlẹ́fọ̀ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá tò. A san owó ẹnu ọ̀nà o, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ.

Oúnjẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà. Rirkrit Tiravanija, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Thailand tí wọ́n bí sí Argentina, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1992 ní 303 Gallery, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní New York kan náà. Ó kó ẹrù ọ́fíìsì ẹ̀yìn wá síwájú, ó sọ ẹ̀yìn di ilé ìdáná, ó sì ń se kọ́rì fún ẹni tó bá yà. Níbi tí ẹlòmíràn ti máa ń kọ ọ̀dà àti igi gẹ́gẹ́ bí ohun tó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òun máa ń kọ "èèyàn púpọ̀" mọ́ tirẹ̀. Ìyẹn wọ̀ mí lára.

Ní MoMA lọ́jọ́ náà, bàbá kan tí n kò mọ̀ rí jókòó tì mí, ó sì ro ẹjọ́ orúnkún rẹ̀ fún mi títí àwo fi gbẹ. Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ ohun kan ń yọ mí lẹ́nu: kò sẹ́ni tó ní kí n bó àlùbọ́sà kankan. Ní ilé ìyá ìyá mi n'Íjẹ̀bú, bí wọ́n bá ń ṣe sàráà, wàá bó ẹ̀wà kí o tó jẹ móínmóín. Àwa ọmọdé á jókòó yí agbada ká, èèpo á lẹ̀ mọ́ wa lápá, àwọn àgbà á máa fọ ewé eéran, òfófó á sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Jíjẹ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọdún yẹn ni mo pe àwọn aládùúgbò mi sílé ní Bronx pé kí a jọ ṣe ẹlẹ́mìí méje. N kò rí ewé eéran, mo ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú yìnyín. Mo ń fi ìgbéraga kọ́ wọn bí a ti ń ká a, tèmi ń jò sílẹ̀ ṣòrò. Màmá ará Dominican tó ń gbé òdìkejì gba ewé lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀, ó ká a ní onígun mẹ́rin, ó béèrè okùn. Irú ewé bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà fi ń di "pasteles" nígbà Kérésì! Kò jò rárá. Báyìí, èmi ló ń rán lọ bu omi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ìdì okùn ló mú lọ́wọ́, ó ní ta ló ń bó ẹ̀wà?