Àǹtí Nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, LVN ní Houston

N'Íbàdàn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ auxiliary, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, ìwé mẹ́wàá nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti ń gún abẹ́rẹ́, mo ti ń fa omi síni lára, mo sì ti ń gbẹ̀bí lóru. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló níwèé àṣẹ láàárín wa, ọ̀sán nìkan ló sì ń wá. Owó oṣù rẹ̀ tó ti àwa mẹ́ta, ọ̀gá ò gba irú rẹ̀ kún un.

Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá ọlọ́mọ tuntun kan. Mo pààrọ̀ aṣọ tó fi sídìí lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó sùn sórí ẹní nílẹ̀ ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó figbe ta: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ ọmọ mi ti tutù!" A sáré gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi rí pé kí n fọwọ́ tẹ abẹ́ ìdodo wò bóyá ilé ọmọ ti le.

Ní Houston, ó tó ọdún kan tí mo fi kọ́ irú iṣẹ́ yìí. LVN ni wọ́n ń pè wá ní Texas àti California, LPN láwọn ìpínlẹ̀ yòókù: nọ́ọ̀sì tó níwèé àṣẹ ni wá, ṣùgbọ́n RN, nọ́ọ̀sì tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ga ju tiwa lọ, ló wà lókè wa. Lọ́dún 2018 mo jókòó ṣèdánwò NCLEX-PN, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ náà. Bí mo ṣe dáhùn ìbéèrè 85, kọ̀ǹpútà dákẹ́, àyà mi já. Mo yege, ṣùgbọ́n ọsibítù ò gbà mí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọsibítù ńlá ti ń dín wa kù, RN ni wọ́n ń wá, torí àwọn ló lè yẹ aláìsàn wò látòkèdélẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ dé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo bá ara mi, tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn láti yàrá dé yàrá. Kò sí ìyá ọkọ lórí ẹní níbẹ̀, aago ni wọ́n fi ń pè mí.

Lẹ́yìn Kòrónà, tó ti rẹ àwọn RN, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò, àwọn ọsibítù kan tún ń pè wá padà: RN, LVN àti olùrànlọ́wọ́ kan á jọ tọ́jú àwọn aláìsàn kan náà. Bí mo ṣe wọ wọ́ọ̀dù nìyẹn. Káàdì kan so mọ́ mi láyà, LVN gàdàgbà ni wọ́n kọ sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìwọ̀sí ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Aláìsàn mọ ẹni tó ń tọ́jú òun, bí mo bá sì pe RN, á dé.

N'Íbàdàn, àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ sókè òkun. Ní February 2024 ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà ní àfi kí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn ìwé àṣẹ kí òun tó jẹ́rìí sí ìwé wọn fún òkèèrè, ni wọ́n bá fi ẹ̀hónú hàn. Mi ò bá wọn wí. Àwọn auxiliary ni mò ń rò: kí wọ́n kọ́ wọn fún ọdún kan ó kéré tán, kí wọ́n dán wọn wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sí wọn láyà.

Àbúrò mi kan ń ṣe auxiliary ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Àǹtí mi, BP aláboyún kan ti di 170 lórí 110, dókítà ò gbé fóònù." Mo ní, "Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú ẹ̀ ń ṣú? Ẹ wá mọ́tò, ẹ máa gbé e lọ sí UCH báyìí." Mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ bó ṣe ń sáré padà sí wọ́ọ̀dù.