Tí oyún bá wálẹ̀ lára àgùntàn, ẹ ka oṣù padà sẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi rèé o: tí oyún bá bàjẹ́ lára àgùntàn tàbí ewúrẹ́, ẹ má kàn bi olówó ẹran pé kí ló jẹ lánàá. Oyún àgùntàn ń lo bí ọjọ́ 147, ti ewúrẹ́ bí 150, àsìkò tí fáírọ́ọ̀sì wọlé nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ń pinnu ohun tẹ́ ẹ máa bá nílẹ̀.

Ẹ wo border disease, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba oyún àgùntàn jẹ́. Tó bá kó ìyá kí oyún tó pé bí ọjọ́ 60, ara ọmọ inú ò tíì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ara ẹ̀, á kàn gba fáírọ́ọ̀sì yẹn mọ́ra. Àwọn kan á kú síbẹ̀, àwọn kan á délé ayé pẹ̀lú irun ṣákaṣàka, tí ara wọn á máa gbọ̀n. Àwọn tí mo bẹ̀rù jù ni àwọn tí ojú lásán ò lè rí nǹkan tó ṣe wọ́n, wọ́n lẹ́wà, wọ́n á dàgbà, wọ́n á sì máa tú fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ títí wọ́n á fi kú, olówó ẹran á wá fi irú ẹ̀ sílẹ̀ kó máa bímọ fún òun, ọdún tó ń bọ̀ oyún tún ń wálẹ̀ nínú agbo. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní antibody (ohun tí ara ń ṣe láti fi bá fáírọ́ọ̀sì jà) tó bá ti dàgbà díẹ̀, torí náà nínú agbo tí gbogbo yòókù ti ní i, ẹyọ kan tí kò ní i yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fura sí, kẹ́ ẹ fi PCR, àyẹ̀wò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Ti fáírọ́ọ̀sì Schmallenberg, tí wọ́n rí ní Jámánì ní 2011, tún yàtọ̀. Kòkòrò tíńtìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, ìyá lè má ṣàìsàn rárá, àfi tí ọmọ bá dé tí oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀ gan pa, tí ẹ̀yìn ẹ̀ wọ́, ẹ ṣí agbárí, omi ló kún ibi tí ọpọlọ yẹ kó wà. Ẹ wá ṣe PCR, ó ní kò sí. Kò sí lóòótọ́, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán ó ti lọ! Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó tó mu ọyàn àkọ́kọ́, torí antibody ìyá kì í gba ibi ọmọ kọjá nínú àgùntàn, èyí tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ọmọ ló ṣe é fúnra ẹ̀ nínú oyún.

Rift Valley fever, àrùn fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ò tiẹ̀ fi ara pamọ́: òjò ńlá, ẹ̀fọn pọ̀, oyún kékeré àti ńlá ń wálẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọmọ tuntun ń kú. Ó ń ran èèyàn o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú àti imú, kẹ́ ẹ sì pe ìjọba kíá. Ewúrẹ́ náà ní fáírọ́ọ̀sì herpes tiẹ̀, ìyá á dúró bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, oyún tó ti gbó á wálẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti dé oko, ibi ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ajá tó gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń mú òkú ọmọ wá sí lábù láìsí i, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú oyún tó ń wálẹ̀, Chlamydia tó jẹ́ bakitéríà àti Toxoplasma tó jẹ́ kòkòrò àfòmọ́ tíńtìntín wà níbẹ̀, ibi ọmọ ló sì sábà máa ń tú wọn fó. Ẹ fi omi inú ikùn ọmọ kún un, àti ọpọlọ, àti ẹ̀jẹ̀ ìyá. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀kankan nínú ẹ̀.