Máàkì orí fórúùmù: àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ló ń fi í pamọ́

Kò fẹ́ẹ̀ sí fórúùmù kankan mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í fún èèyàn ní máàkì, àwọn kan ń pè é ní karma, àwọn kan ní reputation, àwọn kan ní póìǹtì lásán, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. O sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn tẹ ọfà òkè tó bá dùn mọ́ wọn tàbí ọfà ìsàlẹ̀ tí ò bá dùn mọ́ wọn, nọ́ńbà yẹn á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ, gbogbo ayé á máa wò ó. Wọ́n ní káa lè mọ ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ ṣeé gbà ni. Ó dáa náà, ṣùgbọ́n tóo bá wò ó dáadáa, máàkì yẹn ò kàn jókòó kó máa kà, ó ń kọ́ wa báa ṣe máa sọ̀rọ̀ ni, a kì í sì í mọ̀gbà tó máa kọ́ wa tán.

Ẹ mú Stack Overflow, ibi táwọn tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Jeff Atwood àti Joel Spolsky ló gbé e jáde ní 2008. Tí ẹnì kan bá tẹ ọfà òkè sí ìdáhùn ẹ, póìǹtì 10 nìyẹn, tí oníbèéèrè bá fọwọ́ sí i pé tìẹ ló yanjú ọ̀rọ̀ òun, 15 míì. Póìǹtì yìí kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń ṣílẹ̀kùn: o gbọ́dọ̀ ní 15 kóo tó lè tẹ ọfà òkè, 125 kóo tó lè tẹ tìsàlẹ̀, 3,000 kóo tó lè dìbò pé kí wọ́n ti ìbéèrè ẹlòmíì pa.

Ó dùn létí, àbí? Ẹ wá wo ohun tó bí. Ìdáhùn tó bá kọ́kọ́ dé làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ọfà sí, ìyẹn á gbé e sókè káwọn míì tún lè rí i, torí náà àwọn tó ti mọ̀ ọ́n á sáré ju ìlà kan péré síbẹ̀, kó ṣáà ti wà ńbẹ̀, wọ́n á wá máa rọra tún un kọ lẹ́yìn náà. Ẹni tó jókòó, tó dán kóòdù wò, tó kọ àlàyé tó kún, ìgbà tó máa fi dé, ọjà ti tú. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn mọ àìsàn yìí, Fastest Gun in the West ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá jù nídìí ìbọn. Ìbéèrè kéékèèké ló sì ń pa póìǹtì jù, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lè lóye ẹ̀, àmọ́ èyí tó le, tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló mọ ìdí ẹ̀, tóo bá fi odidi òru dáhùn ẹ̀, bóyá lo máa rí ọfà méjì.

Ti ẹni tuntun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Póìǹtì 50 lo nílò kóo tó lè kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n láti kọ ìdáhùn, póìǹtì 1 tí wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ tóo wọlé ti tó. Tí ẹni tuntun bá wá rí àṣìṣe kékeré nínú ìdáhùn kan, kò lè sọ ọ́ síbi tó yẹ, á lọ kọ ọ́ bí ìdáhùn, àwọn àgbà ibẹ̀ á ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, wọ́n á pa á rẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lé e padà! Fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá, 5 ni wọ́n ń fún ìbéèrè nígbà tí ìdáhùn ń gba 10, 2019 ni wọ́n tó sọ wọ́n di ọgba. Tí ò bá sí oníbèéèrè, kí lẹ fẹ́ máa dáhùn?

Máàkì tún máa ń bí máàkì. Ní 2013, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n lọ sórí sáìtì ìròyìn kan, wọ́n ń mú kọ́mẹ́ǹtì láìṣẹ̀ṣà, wọ́n á fún un ní ọfà òkè kan bó ṣe ń jáde. Ọ̀kan péré o! Nígbà tó yá, máàkì àwọn kọ́mẹ́ǹtì yẹn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju tàwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ọfà ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi sáwọn míì ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn tún un ṣe. Ìyẹn ni pé a máa ń gbèjà ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń yìn, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò, a kàn ń bá wọn yìn ín ni.

Ṣé ìyà wá ń kọ́ni lọ́gbọ́n? Olùwádìí kan, Justin Cheng, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wo ìyẹn ní 2014, wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n bá ń tẹ ọfà ìsàlẹ̀ sí, ṣe ló tún ń kọ̀wé púpọ̀ sí i, ìwé ẹ̀ sì ń burú sí i, òun náà á wá kọjú ọfà sáwọn ẹlòmíì.

Ní Reddit, fórúùmù ńlá tó pín sí ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi, àwọn ẹgbẹ́ kan ní o gbọ́dọ̀ ní karma kóo tó lè sọ̀rọ̀, káwọn oníspam, àwọn tó ń da ìpolówó kiri, má baà wọlé. Ni karma bá di ọjà títà, àwọn kan á fi bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, kó àwòrán àtijọ́ tó ti gbajúmọ̀ rí, wọ́n á tún un gbé síta, tí karma bá ti pé, wọ́n á ta àkáọ́ǹtì náà.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí máàkì, ṣe ni wọ́n ń fi í pamọ́. Slashdot, sáìtì ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ti wà láti 1997, ń fi nọ́ńbà karma han èèyàn tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn sọ ọ́ di ìdíje, wọ́n bá yọ nọ́ńbà kúrò, wọ́n fi ọ̀rọ̀ bíi Good (ó dáa) àti Terrible (ó burú gan-an) rọ́pò ẹ̀. Digg, sáìtì táwọn èèyàn ti ń dìbò fún ìròyìn, yọ àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó wà lókè pátápátá kúrò ní 2007. Hacker News, fórúùmù àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, náà, láti 2011, ìwọ tóo kọ kọ́mẹ́ǹtì nìkan lo lè rí iye tó gbà.

Tó bá ṣe tèmi ni, kí póìǹtì máa ṣílẹ̀kùn ẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, kí nọ́ńbà má yọjú síta rárá. Màá sì yá ọ̀kan lọ́wọ́ Stack Overflow: níbẹ̀, tóo bá tẹ ọfà ìsàlẹ̀ sí ìdáhùn ẹnì kan, òun pàdánù 2, ìwọ náà pàdánù 1. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó kéèyàn fi kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Èmi ì bá tiẹ̀ sọ ọ́ di méjì-méjì.