Ta Ló Máa Sọ fún Bàbá Pé Omi Ti Pọ̀ Jù?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú ẹbí yín, ẹ kàn gbé ẹ̀rọ kan tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ sórí tábìlì. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bọ̀.

Tèmi, ẹ̀rọ ìṣeré onísìtíìmù kékeré kan ni, tó lè jókòó wọ̀ọ̀ sínú àwo ìjẹun ńlá. Birmingham níbí ni mo ti rà á, ní ọjà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣí bọ́ọ̀tù mọ́tò wọn, tí wọ́n á pàtẹ gbogbo ohun tí ìyàwó wọn ní kí wọ́n kó dànù. Mamod ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń jẹ́. Geoffrey Malins ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú yìí kan náà ní 1937. Irú tèmi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láàárín àwọn ọdún 1960, jọ katakata ayé àtijọ́ tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó fi ń yí ẹ̀rọ ìpakà: bọ́ílà idẹ lókè, ọ̀pá èéfín níwájú, wíìlì pupa mẹ́rin nísàlẹ̀. Kì í ṣe oníbátìrì o. Iná gidi lẹ ó dá sábẹ́ rẹ̀, omi gidi ni yóò hó nínú rẹ̀, ooru omi náà tó ń jẹ́ sìtíìmù ni yóò sì yí wíìlì. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí òun lò ó kẹ́yìn. Kò sọ bóyá Thatcher ṣì ni olórí ìjọba ibí nígbà náà.

Bàbá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn. Òun àti Màmá ti Èkó wá wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Fítà ni Bàbá ní yáàdì Rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, láyé ìgbà tí èédú Enugu ṣì ń fa ọkọ̀ ojú irin lọ sókè Ọya. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ̀ tí kò fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti tún ilẹ̀kùn wa tí kò bàjẹ́ ṣe, tó sì tún ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ṣe títí tó fi bàjẹ́. Bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ yìí jáde báyìí, ojú Bàbá tàn.

"Bàbá Tọ́lá," ó ní, "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu rárá. Sìtíìmù ni gbogbo sìtíìmù ń jẹ́. Ẹ ṣáà bá mi di tọ́ọ̀ṣì yìí mú."

Ọ̀sán gangan ni o. Oòrùn ń ràn wọ inú pálọ̀. Mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo sì tàn án.

Hexamine ni wọ́n ti ń fi dáná sí irú ẹ̀rọ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ègé funfun kékeré báyìí tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n láti October 1, 2023, ìjọba ibí ti ní aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ, torí pé àwọn oníbọ́ǹbù náà mọ ìwúlò rẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́ "bọ́ǹbù" láti ilé ìdáná. Ó ní, "Dádì Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́ o. Físà àwọn òbí mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fagi lé." Jẹ́ẹ̀lì onísípíríìtì ni mo fi rọ́pò rẹ̀, nínú àwo pẹlẹbẹ kan tó ń wọ abẹ́ bọ́ílà.

Ibi omi ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bọ́ílà ló yẹ kí omi dé, ìyókù àyè, sìtíìmù ló ni ín. Bí kò bá sí àyè lókè, omi híhó fúnra rẹ̀ ni yóò gba páìpù wọ inú sìlíńdà, agolo kékeré tí sìtíìmù ti ń ti irin tó ń jẹ́ písítìn kí wíìlì lè yí, bẹ́ẹ̀ písítìn kò lè tẹ omi rẹ́. Mo mọ èyí. Mo ti ka ìwé ìlànà rẹ̀ tán lóru. Àmọ́ Bàbá ti gbé kẹ́tùlù, ó ń da omi gbígbóná sí i títí tó fi kún dé ẹnu.

"Bọ́ílà tí omi rẹ̀ kò kún ni bọ́ílà tó ń pa èèyàn," Bàbá ní.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, fún ọkọ̀ ojú irin. Nínú àwọn tí Bàbá fi ṣiṣẹ́, bí omi bá lọ sílẹ̀ ju orí ààrò lọ, irin tó bo iná á pọ́n, á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi òjé dí ihò kan síbẹ̀: òjé á kọ́kọ́ yọ́, sìtíìmù á tú sórí iná, onítọ̀hún á sì ti mọ̀ pé ilé ti ń jó kó tó di pé ó jó. Bàbá sọ ìtàn náà tán, ó tún fi omi ṣíbí kan kún un.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkùnrin tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún lórí sìmẹ́ǹtì ní Súrùlérè, tí alága ìjókòó ní a ò tíì dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ká dìde ká tún un ṣe: ẹnu wo ni màá fi sọ fún un pé omi ti pọ̀ jù? Mo di tọ́ọ̀ṣì mi mú.

A dáná sí i. Ó hó. Fáàfù ààbò orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣìì, àmì rere nìyẹn, ó fi hàn pé agbára ti dé. Bàbá fi ìka yí wíìlì. Ẹ̀rọ náà wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì pọ omi gbígbóná jáde lẹ́nu ọ̀pá èéfín, níbi tí sìtíìmù tó ti ṣiṣẹ́ tán ń gbà jáde. Ó ta sórí aṣọ tábìlì funfun tí ìyàwó mi ń tọ́jú fún àlejò, ó ta sí gèlè Màmá, ó ta sójú fóònù mi. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

"Ó ń jò," Bàbá ní. "Ẹ gbé sípánà wá."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yìí kò ní fáàfù kankan tó ń pín sìtíìmù bíi ti ọkọ̀ ojú irin. Sìlíńdà fúnra rẹ̀ ló ń mì. Ihò kan wà lára rẹ̀ tó dojú kọ irin pẹlẹbẹ kan tí ihò méjì wà lára tirẹ̀. Bí sìlíńdà bá mì síhìn-ín, ihò rẹ̀ bá èyí tí sìtíìmù ń gbà wọlé. Bó bá mì sọ́hùn-ún, ó bá ọ̀nà àbájáde. Sípíríngì kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin náà. Bí sípíríngì yẹn bá dẹ̀ jù, sìtíìmù á máa sá gba àárín wọn jáde. Bó bá le jù, sìlíńdà ò ní lè mira. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá wá fáàfù títí, kò rí i, ó ní ẹni tó tà á fún mi ti yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Nígbà tí kò rí fáàfù, ó rí nọ́ọ̀tì kékeré tó di sípíríngì mú. Ó fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó tún un fún. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òòlù nìkan ló kù tó lè mi sìlíńdà yẹn.

Àsìkò yìí ni àbúrò ìyàwó mi pè lórí fídíò WhatsApp láti Peckham ní London. Wọ́n kọjú fóònù sí ẹ̀rọ kí òun náà lè wò ó. Kò tíì wò ó tán tó fi ní èépá omi ló dí i, ká da fínígà sí i. Tó bá jẹ́ London ni, mo lè gbà fún un, torí omi London le, inú kẹ́tùlù wọn a máa funfun. Ṣùgbọ́n láti 1904 ni omi Birmingham ti ń ṣàn wá láti àfonífojì Elan ní Wales, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 110, láìlo ẹ̀rọ tó ń fà á. Omi rírọ̀ sì ni, ọṣẹ díẹ̀ ti tó o. Àbúrò ìyàwó mi ni, òun ṣe é bá jiyàn. Mo sì jiyàn náà dáadáa. Gbogbo ohun tí n kò lè sọ fún Bàbá láti òwúrọ̀, orí rẹ̀ ni mo kó o lé.

"Bùrọ̀dá," ó ní, "ṣé ẹ̀ ń bínú ni?"

Màmá ní tiwọn ní ara rẹ̀ ló gbẹ. Nínú gbogbo wa, àwọn ló sún mọ́ òótọ́ jù. Sìtíìmù máa ń fọ epo kúrò nínú sìlíńdà, ìdí nìyẹn tó fi ní epo tirẹ̀ lọ́tọ̀, epo tó nípọn tí omi gbígbóná kì í tètè ṣàn lọ. Epo máṣíìnì ìránṣọ kò lè ṣe é. Ìgò rẹ̀ wà lápò mi gan-an. Kí n tó yọ ọ́, Màmá ti ti ilé ìdáná dé pẹ̀lú òróró ẹ̀pà nínú ṣíbí.

"Ṣebí òróró náà lẹ̀ ń wá?"

Wọ́n fi sí gbogbo ibi tó yẹ kó mì, wọ́n fi sí ibi tí kò yẹ kó mì, wọ́n sì fi orúkọ Jésù tì í lẹ́yìn. Bàbá tún dáná. Ẹ̀rọ kò rìn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òórùn àkàrà fi gba gbogbo ilé kan. Alámù èéfín orí àjà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Tọ́lá sáré sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá rẹ̀, àwo ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé láti mọ̀ bóyá ilé ń jó. Ó rí àwọn àgbàlagbà tó rọ̀gbà yí ọkọ̀ ìṣeré ká, tí ọ̀kan nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, ó sì rọra padà sílé rẹ̀.

Bàbá ní ká jẹ́ kó tutù, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun báyìí, mo gbé ẹ̀rọ wọ ilé ìdáná. Mo fa fáàfù ààbò sókè kí ìyókù sìtíìmù kọ́kọ́ jáde, torí ẹni tó bá tú bọ́ílà tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀ kò fẹ́ràn ojú ara rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ dé, mo da omi tó pọ̀ jù kúrò. Mo fi ìyà jẹ nọ́ọ̀tì yẹn títí tó fi gbà láti tú. Nígbà tí mo fi ìka fa sìlíńdà kúrò lára irin pẹlẹbẹ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: epo ọjọ́ kìíní àná ti gbẹ sí àárín wọn, ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi ní ìka, ó sì ti dí ihò sìtíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fi kẹrosíìnì àti òwú etí nù ún títí irin fi ń dán, mo kán epo tirẹ̀ gan-an sí i, mo sì dá nọ́ọ̀tì padà débi tí sípíríngì kàn di sìlíńdà mú láìfún un lọ́rùn. Mo yíjú padà. Tọ́lá ti dúró lẹ́yìn mi.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe sí ẹ̀rọ Grandpa?"

Ẹ̀rọ Grandpa! Èmi tí mo sanwó.

"Mò ń nù ún ni."

"Ṣé kí n lọ sọ fún Grandpa pé ẹ ti nù ún?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó gba ṣokoléètì kan, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó sì na ọwọ́ kejì.

Nígbà tí Bàbá máa jí, wọ́n ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti abọ́ ewédú ńlá kan. Bàbá kò wo oúnjẹ. Ó ní òun ti rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà lójú oorun. Ó mú sípánà, ó fi ẹnu rẹ̀ kan nọ́ọ̀tì, kò tilẹ̀ yí i, ó ní, "Ibi tó kù nìyẹn." Iná tún jó lábẹ́ bọ́ílà. Ibi tí ó wá kàn yìí, kò sẹ́ni tó lè kọ́ Bàbá. Sìlíńdà tútù máa ń sọ sìtíìmù tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ di omi; nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹnu kékeré kan wà tí wọ́n ń ṣí kí omi náà jáde kí ọkọ̀ tó gbéra. Èyí kò ní, ọwọ́ lèèyàn ó fi máa yí wíìlì títí tí omi á fi tán. Bàbá ń yí i jẹ́jẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn orúkọ oyè tí ẹ̀rọ kan kò gbọ́ rí. Omi ń kán. Omi dín kù. Lójijì, ó gbá a mú: fàkàfìkì, fàkàfìkì, fàkàfìkì!

Gbogbo wa sáré lọ dúró níwájú rẹ̀ láti dì í mú. Kò wá síwájú. Ọ̀pá kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, nígbà tí Màmá ń fi òróró sí i, àwọn ló ti tì í sẹ́yìn. Àwo iná yọ lábẹ́ rẹ̀, ó dúró sórí páànù níbi tí mo ti fi aṣọ tútù pa á, ṣùgbọ́n sìtíìmù tó ṣẹ́ kù ti tó ẹ̀rọ náà rìn. Ó fi ẹ̀yìn rin kọjá àmàlà, ó gbá ìkòkò iyọ̀ dànù, ó sì fi ìdí wọ inú abọ́ ewédú, wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yí lọ. Ewédú fò dé ara ògiri.

Màmá wò ó títí. "Ìjábẹ̀ òyìnbó rèé," wọ́n ní.

Bàbá kò tilẹ̀ nu ewédú tó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó tí wọ́n jọ ṣe Rélùwéè, ó sì gbé fóònù sórí ohùn gbangba kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Sìtíìmù ni, ọ̀rẹ́ mi! Ní Birmingham! Nọ́ọ̀tì kékeré kan báyìí ló ń dà á láàmú, ojú oorun ni mo ti rí i." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè nǹkan kan. Bàbá wò mí, ó sì fi ìfẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi náà wà níbẹ̀. Ó gbìyànjú gan-an. Òun ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."