Ilẹ̀ Etí Òkun ní Gerupuk: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Lombok

150 ni dẹ́rẹ́bà kan pè fún mi ní pápákọ̀ òfurufú erékùṣù Lombok, mo sì gbà. Ní Indonéṣíà, tí wọ́n bá ní 150, 150,000 rúpíà ni wọ́n ń sọ. Wọn kì í pe àwọn òdo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tí a fi dé abúlé Gerupuk. Mo sọ báàgì mi kalẹ̀, ni owó bá di 400. Ó ní ẹrù mi pọ̀. Ó ní ọ̀nà tó wọ abúlé kò dáa. Ó ní lófìfo lòun máa padà. Báàgì kan ṣoṣo ni mo gbé o! Mo ti fò láti London dé Bali, mo ti san 500,000 rúpíà físà, mo ti sùn lórí àga irin kí ilẹ̀ tó mọ́ tí mo fi wọ bàálù kékeré wá sí Lombok. Ara mi ò gba ìyànjẹ mọ́. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, mo fún un ní 250, mi ò sì kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ tẹ iye tí ẹ jọ sọ sórí kakulétọ̀ fóònù yín, kí dẹ́rẹ́bà fojú ara rẹ̀ rí gbogbo òdo rẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹrù.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọ ilé tí mo fẹ́ dé sí. Ìyá onílé jáde, wọ́n rí ìborí mi, wọ́n ní "Asalaamu alaekun", mo dáhùn, mo kúnlẹ̀, ìbínú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹ̀yà Sasak ni wọ́n, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn Sasak. Mo bi ọmọ wọn ọkùnrin, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ni kí n máa pe màmá. Ó ní Inaq, ìyẹn ìyá, kí n fi orúkọ àkọ́bí wọn tẹ̀ lé e. Bàbá ọmọ náà á jẹ́ Amaq, pẹ̀lú orúkọ ọmọ kan náà. Inú mi dùn gan-an! Ìyá Bọ́lá, Bàbá Bọ́lá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe rí. Mo ń kúnlẹ̀ kí Inaq láràárọ̀. Ó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń dúró de ìkíni mi.

250,000 rúpíà ni mo ń san lálẹ́, tòun ti oúnjẹ àárọ̀ àti kọfí. Yàrá kékeré ni, fáànù kan, omi tó níyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu, àkùkọ tó ń kọ láti aago mẹ́ta òru. Owó náà kò dùn mí rárá. Ohun tó dùn mí ni ti ilé oúnjẹ kan ní Kuta tó wà nítòsí, tí kọfí rẹ̀ wọ́n tó oúnjẹ odindi ọjọ́ kan, tí ẹni tó gbé e wá kò sì wo ojú mi. Ní ilé Inaq, orí berugak la ti ń jẹun, àtíbàbà olópòó tí pẹpẹ rẹ̀ ga nílẹ̀, níbi tí gbogbo ilé ti ń jókòó, tí àlejò ti ń sinmi, tí wọ́n ti ń parí ìjà. Ẹja tí wọ́n fi èèpo àgbọn yan, àti plecing kangkung: ẹ̀fọ́ etí omi tí wọ́n bọ̀ díẹ̀, tí wọ́n da ata, tòmátì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti terasi lé lórí. Edé tí wọ́n jẹ́ kó kan ni terasi. Tí wọ́n bá ti ń yan án, òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò bí irú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ata náà sì ta! Lédè àwọn ará Java, ata gan-an ni wọ́n ń pè ní lombok.

Iṣẹ́ Inaq ni koríko òkun, rumput laut. Wọ́n á já ewé tútù sí ìdì kéékèèké, wọ́n á so ó mọ́ okùn gígùn, wọ́n á fi ìgò ike òfìfo gbé okùn náà léfòó nínú omi. Bí ọjọ́ 45 lẹ́yìn náà, wọ́n á kórè rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn lórí tapólì. Kílò méje sí mẹ́jọ tó tutù ni wọ́n ń sá kí wọ́n tó rí kílò kan tó gbẹ. Ohun tí wọ́n ń yọ nínú rẹ̀ ló ń mú kí áísìkirìmù àti ọṣẹ ìfọyín ki. Mo jókòó tì wọ́n láti bá wọn so ó. Àtàǹpàkò ọ̀tún wọn ti là níbi tí okùn ń gbà, iyọ̀ òkun kò sì jẹ́ kó san. Wọ́n ti so mẹ́wàá kí n tó so méjì.

Òkun kò jìnnà sílé wọn, ṣùgbọ́n ògiri gígùn kan dí ọ̀nà. Wọ́n máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ koríko tútù sórí, omi á máa kán sí wọn lọ́rùn, wọ́n á yí gbogbo ògiri náà po kí wọ́n tó délé. Kò sí ilé nínú ọgbà náà. Koríko ló kún un, àti màlúù ẹnì kan. Mo bi ọmọ wọn pé ta ló nilẹ̀. Ó ní bàbá bàbá òun ló ni ín tẹ́lẹ̀, are 12. Are kan jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú, mítà mẹ́wàá lóròó. Bàbá àgbà tà á nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ka ilẹ̀ etí òkun sí, torí ìrẹsì kì í hù níbẹ̀. Wọ́n fi owó rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ra ọ̀kadà kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ pápá eré ìje ọ̀kadà Mandalika sí ẹ̀bá Kuta, ìdíje World Superbike wáyé níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, MotoGP tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún 2022. Báyìí, pátákó "Tanah Dijual", ilẹ̀ títà, kún ojú ọ̀nà.

Kí n sọ òótọ́, ilẹ̀ náà wọ èmi náà lójú. Alágbàtà kan mú mi lọ wo are márùn-ún lábẹ́ igi àgbọn, ìgbì omi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan gbòǹgbò. Mo ti ń kọ́lé síbẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ní ṣé àlejò lè rà á? Ó ní kò sí wàhálà, a ó fi orúkọ ọmọ abúlé kọ ọ́, a ó sì kọ ìwé mìíràn ní kọ̀rọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Ó ní òun ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, òun yóò fún un ní ọ̀kadà tuntun fún orúkọ rẹ̀. Ẹni náà ni ọmọ Inaq.

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ ọ́ fún Inaq fúnra mi, ọmọ wọn ń túmọ̀, ojú sì ń tì í. Wọn ò dáwọ́ okùn dúró. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n sọ pé, "Ọ̀kadà ti tó nínú ilé yìí."

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ wọn gbé mi lọ sí ìlú Praya, sọ́dọ̀ notaris kan, amòfin tó ń kọ ìwé ilẹ̀. Onítọ̀hún ṣàlàyé fún wákàtí kan gbáko, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1960 fi Hak Milik, níní ilẹ̀ pátápátá, sọ́wọ́ ọmọ Indonéṣíà. Àlejò lè háyà ilẹ̀, tàbí kó gba Hak Pakai, ẹ̀tọ́ láti lò ó fún iye ọdún kan. Tí wọ́n bá fi orúkọ ẹlòmíì bo àlejò mọ́lẹ̀, abala 26 òfin náà sọ pé títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ á di ti ìjọba, a ò sì lè gba owó tí a san padà. Nígbà tí mo júwe ibi tí àwọn àgbọn yẹn wà, ó mi orí: òfin etí òkun ti ya mítà 100 láti ibi tí omi ń kún dé sọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ o, tí alágbàtà bá ní kò sí wàhálà, ẹ wá notaris tiyín, ẹ má lo èyí tó bá mú wá.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò mi padà, Inaq gbé ike ìrẹsì wọn wá sórí berugak. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ìrẹsì dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n fa ọ̀rá kan jáde. Sertifikat ilé náà ló wà nínú rẹ̀, ìwé eléèpo aláwọ̀ ewé tí àwòrán ẹyẹ Garuda wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbà á nígbà tí ìjọba ń wọn ilẹ̀ gbogbo abúlé. Wọ́n ní ìrẹsì kì í jẹ́ kí ìwé rin. Wọ́n fi ìka tó là yẹn tọ́ka sí orúkọ: tiwọn ni. Ilẹ̀ bàbá wọn, àwọn ọkùnrin ló pín in. Èyí nìkan ni ilẹ̀ tí orúkọ wọn tíì wà lórí ìwé rẹ̀ rí.

Wọ́n wá bi mí bóyá mo nílẹ̀ nílé wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, púlọ́ọ̀tì kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn.

"Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

Rìsíìtì ìdílé tó tà á ni mo ní, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ní Gerupuk, aago méjì ọ̀sán n'Ìbàdàn. Mo dìde, mo lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé lẹ́bàá ògiri, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sọ̀fíyọ̀ tí ẹ sọ nígbà yẹn, ẹ bá mi pè é lónìí."