Owó Ẹja Kì Í Ṣe Owó Mi

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Olúwo, ọjà ẹja wa ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn apẹja ti gúnlẹ̀ sétí ọ̀sà, ẹja ṣì ń jà pìtìpìtì nínú ọkọ̀, àwa tí a fẹ́ rà á sì ti yí wọn ká. Mo na ọwọ́ sínú àpò tí mo so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, mo ka owó tó wà níbẹ̀, mo tún un kà. ₦11,000. Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ ₦64,000. Mo bá ṣe bí ẹni tí ẹja náà kò tẹ́ lọ́rùn. Mo ní ojú wọn ti funfun jù, ó dà bíi pé wọ́n ti pẹ́ nínú ọkọ̀, mo sì yára kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú tèmi.

Ọdún 2022 nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ìyá mi ti fa ààrò lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú owó tó ra apẹ̀rẹ̀ méjì. N kì í ṣe ọ̀lẹ. Tọ̀sán-tòru ni mo fi ń yan ẹja, èéfín ti sọ ojú mi di pupa, àwọn kọ́sítọ́mà ń wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́ láti Ajah, láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjà ń tà. Ibo wá ni owó ń gbà lọ?

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ìyá Elépo tó jókòó tì mí lọ́jà ní kí n máa ṣọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ mi láàárọ̀, pé owó àwọn kan wà tó ń pe owó ẹlòmíràn lọ. Mo ṣe sàráà. Mo pe àlùfáà sílé, wọ́n ṣe àdúà, mo fún wọn ní ẹja mẹ́fà tó sanra. N kò kábàámọ̀ àdúà o. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó ní pólì wá kí wa, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Àǹtí, èló lẹ ń jẹ lérè lórí apẹ̀rẹ̀ kan?”

Mo ya ẹnu sílẹ̀. N kò rí èsì fọ̀. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tajà nìyẹn o.

Ó fa báírò yọ, a jókòó ti dúrọ́ọ̀mù tí mo fi ń yan ẹja, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn bébà sìmẹ́ńtì tí mo fi ń di ẹja fún èèyàn. Ẹja, ₦64,000. Igi ìdáná, ₦3,500. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e délé, ₦1,000. Obìnrin tó ń bá mi la ẹja tó ń fọ̀ ọ́, ₦2,000. Ọ̀rá àti bébà, ₦500. Ó ro ó pọ̀: ₦71,000. Ó ní èló ni mo ń pa tí mo bá tà á tán? Mo ní nǹkan bíi ₦79,000, láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èrè wá jẹ́ ₦8,000. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ₦2,000 lójúmọ́.

Ó tún béèrè pé èló ni mo ń yọ nínú owó ọjà lójúmọ́ fún ọbẹ̀, fún owó ọkọ̀ àwọn ọmọ, fún káàdì, fún “ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ₦500”. A kà á ní ẹyọ-ẹyọ. ₦3,500.

N kò lọ pólì, àmọ́ mo rí ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ₦1,500 jẹ ojú owó mọ́ èrè. Ní ọjọ́ mẹ́rin, ₦6,000. Tí mo bá ti yan apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, ₦60,000 ti lọ, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apẹ̀rẹ̀ kan gbáko. Kò sẹ́ni tó fi owó pe owó mi. Èmi gan-an ni mo ń gbé e lọ, díẹ̀díẹ̀, lójú ara mi.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi. Kóróbá méjì ni wọ́n máa ń lò. Èyí tó tóbi, tó ní ìdérí, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kan tí ebi ń pa mí tí mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo ní kí wọ́n yọ níbẹ̀ kí n fi ra búrẹ́dì. Wọ́n ní, “Èyí tó wà nínú ibí yìí, ẹja ni. Kò tíì di owó.” Ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni mo pè é. Wọn kò mọ̀wé o, ìlà èédú ni wọ́n fi ń sàmì àwọn onígbèsè sára ògiri ibi ìyanja. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀dà kun ògiri yẹn fún ọdún iléyá, gbogbo wa rò pé gbèsè ti parẹ́ nìyẹn. Màmá jókòó, wọ́n dárúkọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tí kálukú jẹ, àti irú ẹja tó rà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú ẹja wo nǹkan. Aṣọ ẹbí ₦35,000 tí mo rà nígbà tí ìdílé ọkọ mi ṣe òkú, ó ju àbọ̀ apẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹja ni mo rán ní ìró àti bùbá, ẹja ni mo wé lé orí, mo sì ń jó. Àwìn náà, ẹja ni. Ẹni tó bá gbé ẹja ₦5,000 lọ lọ́fẹ̀ẹ́, èrè orí ₦50,000 ọjà ni mo máa fi dí i. Kí n tó ṣírò ìyẹn, mo máa ń rò pé ₦5,000 ni mo pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bú ẹja ẹlẹ́ja pé ojú rẹ̀ funfun yẹn, mo délé, mo yá owó lórí fóònù, nínú ọ̀kan lára àwọn ìkànnì tó ń yáni lówó láìgba ìwé. Wọ́n ní ₦30,000 ni wọ́n yá mi. ₦25,500 ló wọlé, kí n dá ₦30,000 padà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Owó ọ̀hún jẹ́ ₦4,500 lórí ₦25,500, ó lé ní ₦17 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Èrè wo ni mo fẹ́ fi san án? Ẹja tèmi ń mú ₦11 àti díẹ̀ wá lórí ₦100 láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ọjọ́ tí ọjà bá dára, mo sì ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn bàbá wa ti ní orúkọ fún irú ẹ̀ kí fóònù tó dáyé, sọ́gúndogójì. Nígbà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, wọ́n fi fọ́tò mi sí i, wọ́n ní olè ni mí. Ó dé ọ̀dọ̀ àlùfáà tí mo fún ní ẹja mẹ́fà. Wọ́n kàn pè mí, wọ́n ní, “Ṣé kò sí o?” Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

₦11,000 yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ padà, pẹ̀lú epìyà wẹ́wẹ́ àti edé. Mo ra kóróbá. Mo ń san owó iṣẹ́ fún ara mi bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, iye tí mo bá sì gbà lọ́jọ́ kan nìyẹn, bí ọbẹ̀ kò bá tó, ẹ̀bà á pọ̀. Mo tún bọ́ sọ́dọ̀ alájọ, ₦500 lójúmọ́. Tí oṣù bá pé ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó jẹ́ ₦15,500, alájọ á yọ ₦500 tirẹ̀, á fún mi ní ₦15,000. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìwà òmùgọ̀ ni, pé báńkì kò ní gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ lọmọ náà sọ, àmọ́ kò mọ̀ mí. Ẹni tó ń wá sí ìdí àtẹ mi ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó dúró tì mí títí màá fi yọ ₦500, ₦500 tó ń gbà lóṣù kò pọ̀ jù lójú mi. Oṣù márùn-ún ló gbà mí kí n tó tún gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá.

Láàárín ìyẹn náà ni owó náírà di àwátì, ní oṣù Kejì 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun. Ẹ rántí. Kọ́sítọ́mà á dé, á ní kò sí kéèṣì, ẹja tútù kì í sì í dúró de báńkì. Mo ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọkọ mi. Ẹnu ọ̀nà tí owó gbà wọ àkáǹtì ọkọ ẹni tóbi, èyí tó ń gbà jáde ló kéré. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ máa fi sọ ní oṣù Kẹta pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́, mo ti ní àkáǹtì tèmi. Mo kọ́ láti dúró de àlátì tó wọ fóònù tèmi, kì í ṣe èyí tí kọ́sítọ́mà bá fi hàn mí lórí fóònù tirẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kó owó sí báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Láti 2024, bí báńkì ńlá bá wó, ₦5,000,000 ni àjọ yẹn lè san padà fún ẹnì kan, ti microfinance jẹ́ ₦2,000,000. Ti alájọ àti èsúsú, kò sẹ́ni tó máa san án padà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi jẹ́ kí owó ju oṣù kan lọ lọ́wọ́ alájọ. N kò ní mílíọ̀nù márùn-ún o, ẹ má wá yá owó.

Ohun tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ dáadáa ni ọ̀wọ́n. Wọ́n kéde pé nǹkan fi 34.80 lórí ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i ní oṣù Kejìlá 2024 ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Apẹ̀rẹ̀ tí mo ń rà ní ₦64,000 ti di ₦120,000 nígbà yẹn, nítorí náà ẹni tó fi ₦64,000 pa mọ́ sínú kóróbá láìfọwọ́ kàn án, ìdajì apẹ̀rẹ̀ àti díẹ̀ péré ló ní. Mo wá ń yọ díẹ̀ lára èrè kún ojú owó ní gbogbo ìgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi bá gbẹ tó sì pọ̀, mo máa ń ra èyí tí màá fi la òjò já, mo kó o sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Ìyá Elépo ní èmi ti di onígi. Ó ti wá rà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò ọkọ mi gbé aṣọ ẹbí wá, ₦38,000 pẹ̀lú gèlè. Mo kí i, mo fún un lómi, mo wọlé lọ ṣí kóróbá kékeré. ₦11,200 ló wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún. Mo jáde, mo ní gèlè nìkan ni màá gbà.